Ẹnu Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Dì

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá àbọ̀ sẹ́fà ni gbèsè ọ̀hún.
Kì í ṣe pé mo fi owó náà mutí.
Gáàsì ni mo fi rà sínú fìríìsà Màdáámù Dòsù,
ẹlẹ́ja yìnyín ní Wándò,
tó ní òun á san lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹtì lọ, Ẹtì dé,
ẹja rẹ̀ dì bí òkúta,
owó mi náà dì síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ fóònù kò mọ Màdáámù Dòsù.
Èmi ni wọ́n mọ̀.
Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:
"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n." Mo rẹ́rìn-ín.
Èkejì já ọ̀wọ́n sílẹ̀, ó ku oníbàárà.
Ẹ̀kẹta kò kí mi rárá,
ọjọ́ àti iye owó nìkan ló kó wá,
bí àlejò tó wọ yàrá ẹni tí kò bọ́ bàtà.

Ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ dì.
Mo tẹ nọ́ńbà, obìnrin kan tí n kò rí rí
fi Faransé tó mọ́ bí àwo sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe.
Mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí wèrè?
Mo ń bẹ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti ọdún wo!
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Etí ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀.
Ìyá mi pè láti Kétu láàárọ̀ Ọjọ́rú:
"Kí ló dé tí o kì í pè mí mọ́?"
Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.
Ó ní kò burú, kí iṣẹ́ máa pọ̀ sí i.
Mo ṣe àmín sí irọ́ ara mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n di etí náà.

Àwọn sẹ́míjàn ń fọn fèrè ní títì Àjàṣẹ́,
síbẹ̀ àpò ṣòkòtò mi pa rọ́rọ́.
Nọ́ńbà mi wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà pupa,
ó parí sí mẹ́tàdínlógójì,
gàdàgbà ni mo kọ ọ́, kí ará orí ọ̀sà náà lè rí i kà.
Àwọn tí fìríìjì wọn kú ń kà á, wọ́n ń pè é,
wọ́n ń gbé e lọ fún Sẹ̀míù lápá Jásìn.
Sẹ̀míù fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.
Ó tilẹ̀ ra ẹlẹ́rìndòdò fún mi lé e.

Kí Màdáámù tó san án, oṣù márùn-ún ti lọ.
Mo kó owó lọ sí ọ́fíìsì wọn.
Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gba gbèsè tán,
ó fún mi ní rìsíìtì, ó ní:
"Nọ́ńbà yẹn ti di ti ẹlòmíràn, bàbá."

Mo yá fóònù ọmọṣẹ́ mi. Mo pe ara mi.
Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
"Ta nìyẹn?" Ohùn ọmọbìnrin, ẹnu Sábẹ̀ pọ́ńbélé,
wọ́n ń da kajú sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní èmi ni mo ni... èmi ni mo ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀.
"Háà! Ẹ̀yin ni Àlàmú?"
Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé.

Ìbídùn lorúkọ rẹ̀.
Gbogbo Ọjọ́rú ni ìyá mi ń pè é.
Ó ní kì í ṣòun, màmá kò gbà,
ó ní òtútù ló mú ọmọ òun tí ohùn rẹ̀ fi tín-ín-rín.
Nígbà tó yá ó gbà, kò sì jáwọ́ nínú pípè.
Ìbídùn mọ orúnkún tó ń dùn ún,
ó mọ iye ewúrẹ́ tó bí,
ó mọ̀ pé mo dàgbà kí n tó dẹ́kun títọ̀ sórí ẹní.

"Wọ́n ní iṣu tuntun ti jáde,
kí ẹ wá kó tiyín kí ọ̀yà tó jẹ ẹ́.
Wọ́n sì ní kí n sọ fún yín pé..."

Kírẹ́díìtì ọmọṣẹ́ mi tán.